Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi ọlọ́pàá gbé ara yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé bí àgbà bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀ rìbá, ohun tí ẹ máa ń sọ lábẹ́ ahọ́n ni pé, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ bà á jẹ́?" N kò ní bá yín jiyàn. Tafa Balogun tó fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá gbogbo Nàìjíríà, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìran tiwa ni. Ní 2005, ó gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn owó, adájọ́ sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe akọ̀wé ní kóòtù májísíréètì, mo rí ẹni tó jí ewúrẹ́ tó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹnu wa kò gbà á láti bá yín wí, ẹ ò parọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ Sátidé pé kí n wá bá wọn gba bélì ọmọ kan. Ọmọ ọ̀hún ò tíì pé ogún ọdún, iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ gba aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, ó sì já a kulẹ̀. Ọjọ́ ìnáwó kọjá, léèsì ṣì wà nínú ọ̀rá bí wọ́n ṣe gbé e wá. Inú bí ọmọbìnrin yìí, ó gba tẹ́ṣàn lọ. Wọ́n ní kó mú owó epo mọ́tò wá. Ó ka ₦10,000 sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ni wọ́n bá gbé ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì gbé léèsì náà, wọ́n ní èsíbíìtì ni.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn káńtà, kò wọ bàtà. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Lára ògiri, lókè orí rẹ̀ gan-an, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà kẹ̀yìn sí ògiri ọ̀hún, ó ń bá mi dúnàádúrà. "Bàbá, bébà tá a fi gba sítétímẹ́ǹtì rẹ̀, àpò wa la ti rà á. Ẹ ṣe wá bí ọmọ." ₦25,000 ló pè.

Mo ní kò burú. Mo bi í pé òfin wo ló ní kí wọ́n mú ọmọ iṣẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ ọ́ kedere pé wọn kì í mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Òfin ọlọ́pàá fúnra wọn, Police Act ti 2020, sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Aṣọ tí a kò rán kì í ṣe olè jíjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá lọ́yà." Ẹnu rẹ̀ la wà tí ìyá ọmọ náà fi wọlé, ó ti gba owó nídìí POS tó wà lójúde tẹ́ṣàn. N kò bá a wí. Ta ni yóò bá ìyá wí tí ọmọ rẹ̀ ń di ṣòkòtò mú lẹ́yìn káńtà?

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó pe ẹjọ́ san owó, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ san owó, owó ìránṣọ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ò tó ₦15,000. Ọ̀gá télọ̀ tó jẹ̀bi kò san kọ́bọ̀. Léèsì ń bẹ ní tẹ́ṣàn, tí ọmọbìnrin yẹn bá sì fẹ́ gbà á, kó tún múra owó mìíràn sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo mọ ọmọbìnrin náà. Ní oṣù kẹwàá 2020, ó wà lójú títì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí ìjọba tú SARS ká, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó yẹ kó máa gbógun ti adigunjalè. Ìjọba sì tú u ká lọ́jọ́ 11 oṣù náà. Nínú ohun márùn-ún tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ béèrè nígbà náà, ìkarùn-ún ni pé kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n ń lù lójoojúmọ́ ló tún ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tó ń lù ú rí oúnjẹ jẹ! Mo júbà yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin kan náà ni ẹ wá ń sọ fún ara yín báyìí pé, "Màá fi ọlọ́pàá gbé ẹ." Torí gbèsè àjọ, torí owó ilé, torí ọ̀rẹ́kùnrin tó gba fóònù padà.

N kò fẹ́ da ọ̀rọ̀ pọ̀ o. Owó tí wọ́n fi ìbọn gbà lọ́wọ́ yín yàtọ̀ sí owó tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gbé lọ. Tí wọ́n bá dá yín dúró torí pé ẹ ní dàda lórí tàbí láptọ́ọ̀pù nínú báàgì, ẹ kí wọn. Ìkíni kì í ṣe rìbá. Ẹ jẹ́ kí pátíkúlà mọ́tò pé. Orúkọ wọn wà láyà wọn, ẹ kà á sínú. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa bá àwọn lọ, ẹ pe ilé kí ilé mọ tẹ́ṣàn tí ẹ ń lọ. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ó sì ní kí wọ́n gbé yín dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òru, tí ọtí ń rùn lẹ́nu ẹni tó gbé ìbọn, ẹ fún un lóhun tó bá béèrè, ẹ máa lọ sílé. Ẹni tó kú ló gbé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ kọ̀wé fẹ̀sùn sùn. Ẹni tó gba tiransífà ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì.

Owó tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gbé lọ yẹn ni mo ń bá yín jà lé lórí. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin ICPC ti 2000, òfin tó ń gbógun ti rìbá, ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹni tó fúnni jẹ̀bi, ẹni tó gbà jẹ̀bi. Láísẹ́ẹ̀sì tí ẹ gbà láìjókòó sídìí mọ́tò rí wà níbẹ̀. Owó tí bàbá san kí wọ́n lè bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdánwò WAEC wà níbẹ̀, bó ti wù kí bàbá náà máa bú sẹ́nétọ̀ tó.

Ẹ má sì sọ fún mi pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà, àti UNODC, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn, gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nínú àwọn tí òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè rìbá lọ́wọ́ wọn ní 2023, nǹkan bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó kọ̀ ò lariwo ni. Àmọ́ nínú àwọn tó san rìbá, àwọn tó lọ fi ẹjọ́ sùn ò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ibẹ̀ sì ni ìjà kù sí.

Tí télọ̀ bá já yín kulẹ̀ l'Ékòó níbí, Small Claims Court wà láti 2018. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, láàárín ọjọ́ 60 ni wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ẹni tó jẹ yín, ẹ fún un láyè kó dáhùn, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ lè ṣe é láìgba lọ́yà. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé tí kò lówó lọ́yà, kí ẹbí rẹ̀ lọ sí Legal Aid Council tàbí Office of the Public Defender. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ aláìní.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà yẹn, kó yà sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́. Kó mú rìsíìtì rẹ̀ dání. Kó má ra búrẹ́dì wá o.

Èmi bàbá yín,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú