Kí ni iná mànàmáná fẹ́ ṣe níbi fífọ ẹ̀jẹ̀ nílé?

Olóòtú,

Wọ́n tún ti gbé e dé orí rédíò lọ́sẹ̀ yìí: nítorí pé kò sí iná, kí aláìsàn kíndìnrín máa fọ ẹ̀jẹ̀ nílé kò lè ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Ta ló ń fi iná ṣe é? CAPD, irú ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gba inú ikùn ṣe nípasẹ̀ ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n ti fi sí ikùn aláìsàn, kò lẹ́rọ. Ẹ fi àpò omi lítà 2 kọ́ ìṣó tó ga ju èjìká lọ, ẹ gbé àpò òfìfo sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi tó ti wà nínú ikùn, tó ti fa ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, á ṣàn jáde fún bí ìṣẹ́jú 20, tuntun á wọlé ní bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni. Fáànù gan-an, pípa là ń pa á, kó má baà fẹ́ eruku sẹ́nu ọ̀pá rọ́bà.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ọwọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa, tàbí tí a fọ̀ tí a kò nù gbẹ. Bí omi tó jáde bá rí bí omidùn, tí ikùn ń dùn, kòkòrò ti wọlé. Ẹ má dà á nù, ẹ gbé àpò náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí omi kò bá jáde tán, ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ ló há tó ti ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná kò sí nínú gbogbo èyí!

Lọ́dún 2025, wọ́n kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan kúrò ní ₦50,000, ó di ₦12,000. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ará Ìgbóọrà ṣì máa wọkọ̀ lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó tó wá fi wákàtí 4 jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yẹn ló ń jẹ iná, ẹ̀yin ọ̀gá!

Àpò omi ni ìṣòro. 120 ni ẹnì kan ń lò lóṣù, òkè òkun la sì ti ń kó o wá. Kí ló wà nínú rẹ̀? Omi mímọ́, glucose (irú ṣúgà kan), iyọ̀, calcium, magnesium àti lactate (èyí tó ń dín àsìdì inú ẹ̀jẹ̀ kù). Àwọn tó ń ṣe omi dírípù ní Nàìjíríà ti mọ bí a ṣe ń pa kòkòrò inú omi tí a sì ń rọ ọ́ sínú ike. Bí a ṣe ń ṣe àpò méjì tó so pọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ ló kù kí wọ́n kọ́. Wọn ò ní dáwọ́ lé e nígbà tí oníbàárà kò tó nǹkan; nítorí náà, kí ìjọba fọwọ́ sí ìwé pé òun á ra iye kan lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, kí NAFDAC yẹ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣe wò. Orílẹ̀-èdè Thailand gbé irú ìfọ̀ yìí ṣáájú nínú ètò ìlera rẹ̀ lọ́dún 2008.

Kí wọ́n yọ owó ibodè kúrò lórí àpò omi títí dìgbà tí a ó fi máa ṣe é ní Nàìjíríà. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa dé ilé aláìsàn.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.