Fìlà pupa tí àna mi jù sínú garawa ìdọ̀tí

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò kì í ka ojú ewé eré ìdárayá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Arsenal àti Chelsea ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí ni lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe eré, pé àwọn géńdé kan kàn ń forí kan ara wọn bí àgbò ni. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo lọ sí Columbus, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ohio, láti lọ bá ọmọ mi gbé ìkókó. Ohio State, yunifásítì ibẹ̀, ni ọkọ rẹ̀ ti kàwé. Tó bá ti di Sátidé, ẹ ò gbọdọ̀ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo ń rẹ̀ ẹ́ kó lè sùn, bàbá rẹ̀ ń pariwo mọ́ tẹlifíṣàn. Òun ló là á yé mi. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi gba yáàdì mẹ́wàá ilẹ̀. Tí wọ́n bá rí i gbà, wọ́n á tún fún wọn ní mẹ́rin mìíràn. Tí wọn ò bá rí i gbà, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíì. Mo ní háà, ẹjọ́ ilẹ̀ Ìbàdàn nìyí, àmọ́ tiwọn máa ń parí láàárín wákàtí mẹ́ta àbọ̀.

Yunifásítì kan wà ní Michigan tí àwọn ará Columbus kì í fẹ́ dárúkọ. “Àwọn ẹgbẹ́ òkè lọ́hùn-ún yẹn” ni wọ́n ń pè wọ́n, bí àwa náà ṣe ń pe ejò ní okùn lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pàdé, wọ́n á fi téèpù pupa fa àgbélébùú lé gbogbo lẹ́tà M tó wà lára pátákó nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Èmi tí mo rò pé òyìnbó ò ní èèwọ̀!

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ohio State ti fìdí rẹmi kó tó di ọjọ́ tí wọ́n pàdé Michigan. Oregon ló nà wọ́n ní 32 sí 31 lóṣù kẹwàá. Will Howard tó ń darí wọn sáré, ó rọra fìdí jókòó sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbé e lulẹ̀, kó tó gbójú sókè, àsìkò ti tán. Ìyẹn ṣeé fara dà. Ti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni kò ṣeé fara dà. Gbogbo ayé ló ti gbé e fún Ohio State, nílé wọn, níwájú èrò tó ju 100,000 lọ. Michigan 13, Ohio State 10. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ló kù tí Michigan fi gbá èyí tó gbẹ̀mí wọn wọlé. Ọdún kẹrin léraléra tí Michigan ń nà wọ́n nìyẹn. Michigan tún fẹ́ ri àsíá wọn mọ́ àárín pápá, ni ìjà bá bẹ́, ni ọlọ́pàá bá ń fín ata sí wọn lójú.

Àna mi dìde, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà pupa tó wà lórí rẹ̀, ó rìn lọ sí kíṣìnnì, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, sórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó wá ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ryan Day gbọ́dọ̀ lọ.” Ryan Day ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Gbogbo ẹni tó pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà ló ń sọ ohun kan náà. Kí n má parọ́, èmi náà dá sí i. Mo ní kí wọ́n lé e. Èmi tí mi ò mọ ọkùnrin náà láàárọ̀, tí mi ò mọ̀ ọ́n lálẹ́! Mo rántí baba àwọn ọmọ mi ní 1984 tí Zamalek ará Íjíbítì na Ṣúútìn (Shooting Stars) wa nílé lóko. Kò fẹnu kan àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ka ẹni tó yẹ kí wọ́n lé, títí kan ẹni tó ń tọ́jú pápá.

Nígbà tí wọ́n sùn, mo yọ fìlà náà, mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ báàgì mi.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹgbẹ́ 12 sí ìdíje àṣekágbá. Mẹ́rin péré ni tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló kó Ohio State yọ, wọ́n ṣì rí àyè wọlé. Tennessee wá bá wọn ní Columbus lóṣù kejìlá nínú òtútù tó lè pa ewúrẹ́. Àna mi ò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ń bínú, àwọn aláṣọ ọsàn Tennessee sì kún pápá bí omi. Ohio State nà wọ́n ní 42 sí 17. Ní ọjọ́ kìíní ọdún, wọ́n ti fi 34 sí òdo na Oregon kó tó di ìsinmi àárín eré, 41 sí 21 ló parí sí.

Ti Texas ni mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn wò. Ohio State ń fi 21 sí 14 ṣáájú, Texas ti dé iwájú ilé, yáàdì mẹ́jọ péré ló kù, ìgbìyànjú kẹrin ni. Jack Sawyer ti Ohio State já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Quinn Ewers ti Texas, ó gbé e sá ní yáàdì 83 dé òpin pápá kejì. Àwọn méjèèjì yìí ti jọ gbé yàrá kan rí nígbà tí Ewers wà ní Ohio State ní 2021. Ẹ wá sọ fún mi pé àgbò ni wọ́n.

Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2025, ní Atlanta, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, wọ́n fi 31 sí 7 ṣáájú Notre Dame, ni wọ́n bá ń sùn, ó di 31 sí 23. Ọmọ ń ké, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìgbìyànjú kẹta, yáàdì 11, Howard sọ bọ́ọ̀lù sókè réré, Jeremiah Smith, ọmọ ọdún 19, bá a lọ, ó hán an. Yáàdì 56. 34 sí 23 ló parí. Àna mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń kí àbí Ryan Day. Ọjọ́ 51 péré ló wà láàárín “gbọ́dọ̀ lọ” àti ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ fún eré yìí ní àyè díẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Olusegun Oluwatimi gba àmì ẹ̀yẹ ńlá méjì ní Michigan ní 2022. Olumuyiwa Fashanu ti Penn State ni ẹni kọkànlá tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi eré náà ṣiṣẹ́ mú láti yunifásítì ní 2024, New York Jets, ọ̀kan nínú wọn, ló mú un. Adetokunbo Ogundeji ti ṣeré ní Notre Dame. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń fọ́ orúkọ wọn sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí àmì ohùn ń lọ, ẹ bá wọn kọ ọ́ dáadáa.

Fìlà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn. Ó ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Mo ní kó kọ́kọ́ kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ryan Day, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.