Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi ní í ta yàrá tí kò ní nọ́ńbà mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín. A mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín láti ìgbà tí àwa alágbàtà ìrìn àjò yín ti kéde pé a ò ní í ta yàrá tí kò ní nọ́ńbà nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ mọ́, àti pé owó díẹ̀ yóò máa wà lórí bíbá yín yan yàrá. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ̀wé sí wa pé owó ti wọ̀ wá lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá dé egungun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wa.

Bí yàrá tí kò ní nọ́ńbà ṣe rí nìyí: ẹ ó sanwó irú yàrá tí ẹ fẹ́, ì báà jẹ́ aláìní fèrèsé, onífèrèsé tàbí oníbákónì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò wá yan nọ́ńbà rẹ̀ fún yín, nígbà mìíràn tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra. Ó máa ń dín lówó, a ò jiyàn. Ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé yàrá yín kò ní í rẹlẹ̀ ju irú èyí tí ẹ san lọ. Ibi tí yàrá náà yóò wà ńkọ́? Wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ìyẹn.

Tọkọtaya kan rà á lọ́wọ́ wa, oorun nìkan ni wọ́n ń wá. Abẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ gan-an ni wọ́n fi wọ́n sí, láti ìdájí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ àga gbàrà-gbàrà lórí wọn. Ìdílé mìíràn gba onífèrèsé, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ fèrèsé, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là ló dí gbogbo ojú rẹ̀ pa. Ta ni wọ́n pè? Àwa ni. Àwa náà pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀, a dúró lórí fóònù fún wákàtí méjì ó lé, wọ́n wá ní ọkọ̀ ti kún. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ ń san ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń fún wa ní kọmíṣọ̀n, ìyẹn owó iṣẹ́ wa, lé lórí. Owó orí kò sí níbẹ̀, owó èbúté kò sí níbẹ̀, wọ́n á tún gé apá kan lára owó ọkọ̀ gan-an, wọ́n á ní ìyẹn náà kò ní kọmíṣọ̀n. Bí ẹ bá sì fagi lé ìrìn àjò, iṣẹ́ oṣù mélòó kan lè di òfo lọ́wọ́ wa. Wákàtí méjì orí fóònù yẹn, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ lé e.

Ní báyìí, a ó jókòó tì yín, a ó bi yín léèrè. Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín? Àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni ẹ ó wà, níbi tí ìgbì kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ mi ọkọ̀. Òkè pátápátá àti iwájú ló máa ń mì jù, síbẹ̀ òkè yìí kan náà ni àwọn èèyàn ń san owó gọbọi lé. Bákónì lẹ fẹ́? Ẹ kọ́kọ́ bi wá ohun tó kọjú sí. Nínú ọkọ̀ Oasis of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, àwọn bákónì kan wà tó kọjú sí ọgbà òdòdó àárín ọkọ̀, tí wọn ò kọjú sí òkun rárá. Ẹni tó bá dá nìkan lọ, kó mọ̀ pé ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣírò yàrá fún. Torí rẹ̀ ni yàrá kéékèèké aládàásùn tí ọkọ̀ Norwegian Epic gbé dé ní 2010 fi tà wàràwàrà lọ́wọ́ wa.

Mi ò ka èyí nínú ìwé pẹlẹbẹ wọn. Mo ti sùn nínú gbogbo irú yàrá yìí. Nínú aláìní fèrèsé, òkùnkùn rẹ̀ pọ̀ débi pé mo rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́, wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ mọ́ kí n tó dìde. Oorun náà sì dùn, mi ò purọ́.

Ẹni tó ti sanwó kí a tó kéde, kò sí ohun tó yí padà fún un. Ẹni tó bá sì ti rìnrìn àjò pẹ̀lú wa rí, a ó dín owó yíyan yàrá náà kù fún un.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ yàrá tí kò ní nọ́ńbà, ẹ lè rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra yín, a ò ní í bínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi yín sábẹ́ àwọn tó ń wọ́ àga, ẹ dákun, àwọn ni kẹ́ ẹ pè.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ yìí