Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ti Káńsù Dé Òkè-Mósàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Gbogbo ayé ló ń pè ọ́ ní Ọnọ́rébù báyìí tí o ti wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mósàn, ó sì tọ́ sí ọ, ṣùgbọ́n èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kò lè fi oyè bẹ̀rẹ̀ ìwé tí mo ń kọ sí ọ. Gbangba ni mo ti kọ ọ́, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé nìkan. Ẹni tó bá dìbò fún ọ náà ní ìpín nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Pànṣẹ́kẹ́, mo sì rí pátákó ńlá tí àwòrán rẹ wà lára rẹ̀. Wọ́n to iṣẹ́ tí o ti ṣe láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti búra fún yín sí abẹ́ àwòrán náà: kànga ẹ̀rọ ní àdúgbò kan, tàránsífọ́mà ní òmíràn, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀kadà, àpò ìrẹsì ní àkókò ọdún. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí òfin kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ aṣòfin ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ.

Ọdún 33 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà bí mo bá rí iṣẹ́ káńsù lókèèrè, mo máa ń dá a mọ̀. Àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, fífún títì lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, títí dé orí ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ àjẹ̀, ọmọlanke àti bárò. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá kà á dé ibi bárò, pé àwọn àgbààgbà jókòó, wọ́n sì rántí bárò. Ohun tó bá wà lórí pátákó rẹ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn kò sì burú, ṣùgbọ́n a kò nílò ìdìbò kí ènìyàn tó fúnni ní ẹ̀bùn.

Bárò yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ irú ènìyàn tí o jẹ́. Ìjókòó kejì yín ni, lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2016, ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ tuntun jókòó sórí àga oníke, ẹ wọ agbádá bí ẹni pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ oníbárò ń san lójoojúmọ́ nínú ọjà wá, alága sì fẹ́ kí ẹ fi kún un. O nawọ́ sókè, o béèrè òfin tí a fi ń gba owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n wo ojú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó rí báíló náà, ìyẹn òfin káńsù, ikán ti jẹ etí rẹ̀, owó tó sì wà nínú rẹ̀, kọ́bọ̀ ni, kì í ṣe náírà. O ka gbogbo rẹ̀ sókè nínú ìjókòó tó tẹ̀ lé e, láìbínú, láìbú ẹnikẹ́ni, owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sì lè gòkè mọ́ títí sáà yín fi parí. Mo ti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé àìmọye káńsẹ́lọ̀. Èyí tó béèrè ìwé òfin lọ́jọ́ kejì, ìwọ nìkan ni mo rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gọ́tà dé. O dá a lábàá pé kí wọ́n la gọ́tà gba ẹ̀yìn àdúgbò wa, ilé fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó ta kò ó, alága náà kò sì ta kò ó, ó kàn ní owó kò sí ni. Nígbà tí òjò ńlá oṣù Keje ọdún 2018 rọ̀ sí Abẹ́òkúta, tí omi gbé ènìyàn àti ẹrù lọ, o wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kejì, bàtà rẹ kún fún ẹrẹ̀. O ní, “Àǹtí, níbo ni owó wa máa ń sùn sí lójú ọ̀nà?”

Mo ṣí ìwé òfin sí abala 162, mo sì fi hàn ọ́. Owó ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ti Àbújá wá, inú àpò kan ṣoṣo tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó ló ń wọ̀, òfin tí wọn yóò sì fi pín in fún àwọn káńsù, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ni ín láti ṣe. O wò ó pẹ́. O ní, “Òkè-Mósàn ni mo ń lọ nìyẹn.” Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ìdìbò abẹ́lé àkọ́kọ́, o fìdí rẹmi, a gbà. Ó tún kù díẹ̀ kí ìkejì bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. N kò fẹ́ sọ ohun tí ó ná ọ, nítorí mo mọ ilẹ̀ tí o tà.

Ẹ ti wọlé báyìí, ẹ̀yin 26. Kí o tó débẹ̀, ilé aṣòfin ní Àbújá ti fi àbá òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ 36. Ilé 24 ló yẹ kó fọwọ́ sí i kó tó lè wọ ìwé òfin, iye yẹn kò sì pé. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Mo retí pé lọ́jọ́ kejì ni n óò gbóhùn rẹ lórí rédíò, ìwọ tí o jẹ ìyà àpò yẹn. Ọ̀kadà ni mo gbọ́ pé o ń pín ní ọ̀sẹ̀ náà.

Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ojú rẹ rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tò sí ẹnu géètì rẹ, ẹni tó fẹ́ owó ilé ìwé, ẹni tó fẹ́ sin òkú, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Èmi náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá pé kí o wá iṣẹ́ fún ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ẹni tó ń tò sí ẹnu géètì nítorí abala 128, èyí tó fún ilé yín lágbára láti wádìí bí àwọn aláṣẹ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́. Kò sì sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá o lè rí ènìyàn 18 nínú yín, nítorí iye yẹn ló pé ìdá méjì nínú mẹ́ta, tí àbádòfin fi lè di òfin bí gómìnà kò bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti rí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wà ní káńsù, ìwọ nìkan lo nawọ́ sókè.

Ìyá àgbà wa wà lára àwọn obìnrin tó lọ jókòó sí ẹnu ààfin Aké ní àkókò owó orí, kí Aláké tó fi oyè sílẹ̀ ní ọdún 1949. Wọn kò béèrè kànga. Ohun tí wọ́n béèrè ni ẹni tó fún wọn láṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀. Ìbéèrè rẹ lórí bárò, mo máa ń rò pé ọ̀dọ̀ wọn lo ti jogún rẹ̀.

Mo ti ṣe ẹ̀dà báíló tí ikán jẹ yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, ó wà nínú àpótí mi, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí gọ́tà. Tìrẹ ni méjèèjì. Bí o bá ń bọ̀ wá gbé wọn ní Sátidé, má ṣe gbé jíìpù yẹn wọ àdúgbò wa. Gbé e sílẹ̀ sí ẹnu títì, kí o fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, nítorí pé àgbàrá ti jẹ ìdajì ọ̀nà lọ.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ.