Ẹ Má Sùn ní Cusco Lálẹ́ Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ yìí wà fún àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn tó wà ní London àti Houston, tó ń gbèrò láti lọ wo Cusco ní orílẹ̀-èdè Perú. Ètò tí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò sábà máa ń gbé kalẹ̀ ni pé kí àlejò wọ bàálù ní Lima láàárọ̀, kó sọ̀ ní Cusco kí oòrùn tó kan àtàrí, kó fi ọ̀sán yẹn gun òkè Sacsayhuamán, kó sì gba ọ̀nà Machu Picchu, àwókù ìlú àtijọ́ tó lókìkí, lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ ètò yẹn ló wà lókè, orí rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé àlejò náà jẹ́ AS, SC tàbí SS, ewu rẹ̀ kọjá orí fífọ́.

Etí òkun ni Lima wà. Cusco ga tó nǹkan bí 3,400 mítà, bẹ́ẹ̀ ni bàálù kì í lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ láàárín méjèèjì. Jos tí àwa ń pè ní ìlú orí òkè kò ju nǹkan bí 1,200 mítà lọ. Kì í ṣe pé wọ́n bu ọ́síjìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀: ìdá 21 nínú 100 náà ló jẹ́ níbi gbogbo. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fúyẹ́, tó fi jẹ́ pé ọ́síjìn tó wà nínú èémí kan ní Cusco kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Èkó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kó gbé ẹ̀wà kaná níbẹ̀. Omi á ti máa hó ní nǹkan bí 89 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ̀wà náà kò sì ní rọ̀ bọ̀rọ̀ àfi nínú ìkòkò onítẹ̀ (pressure cooker).

Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé ara kì í tètè sọ̀rọ̀. Àìsàn orí òkè, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní soroche, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn téèyàn bá dé. Ara á le koko lọ́sàn-án, èèyàn á rìn, á jẹun dáadáa, á mu ọtí pisco lálẹ́. Tó bá di òru, orí á máa fọ́, inú á máa rú, oorun ò ní lọ. Òru gan-an ló sì burú jù, torí èémí máa ń fà sẹ́yìn nígbà téèyàn bá sùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi téèyàn sùn ló ṣe pàtàkì ju ibi tó rìn dé lọ.

Báyìí ló ṣe yẹ kí ètò náà rí. Ẹ sọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Cusco, kí ẹ wọ takisí lójú ẹsẹ̀ lọ sí àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Valle Sagrado. Urubamba ga tó 2,870 mítà, Ollantaytambo tó 2,790. Tí awakọ̀ bá gba Chinchero, ẹ óò kọ́kọ́ gòkè kọjá Cusco, torí Chinchero ga ju 3,700 mítà lọ, àmọ́ ẹ kò ní pẹ́ níbẹ̀, kò léwu. Ẹ sun òru méjì nísàlẹ̀ yẹn. Láti Ollantaytambo ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra lọ sí Aguas Calientes, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ Machu Picchu, fún nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì. Àpò kékeré ni wọ́n ń gbà láyè nínú ọkọ̀ náà, ẹ fi ẹrù ńlá sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé Machu Picchu ló ga jù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: 2,430 mítà péré ni, ó fi nǹkan bí 1,000 mítà rẹlẹ̀ sí Cusco. Nítorí náà ẹ wò ó tán, kí ẹ tó wá gòkè lọ sùn ní Cusco fún òru méjì tàbí mẹ́ta. Owó tí ẹ óò ná kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ètò àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ tò ṣáájú ló yàtọ̀.

Ní ti jẹ́nótáìpù, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé nìkan la máa ń rántí AS nílẹ̀ wa. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS, kò sì mọ̀ ọ́n lára láti ọjọ́ tó ti dáyé. Lórí òkè tó ga tó báyìí, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè tẹ̀ kọdọrọ nítorí àìtó ọ́síjìn, kó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọlọ inú, èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì. Ìrora líle níbẹ̀ ni àmì rẹ̀, ó sì lè bá èébì tàbí ibà dé. Kì í ṣe gbogbo AS ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á lọ, á bọ̀, ohunkóhun ò ní ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé AS lòun kò ní pe ìrora ìhà òsì ní inú rírun lásán kó wá sùn lé e. Kó mu omi dáadáa, kó má gun àtẹ̀gùn àdúgbò San Blas ní Cusco bí ẹni tó ń sáré ìje lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, kó sì fi Vinicunca sílẹ̀, òkè aláwọ̀ òṣùmàrè tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀. Ìyẹn ga ju 5,000 mítà lọ.

Àwọn SC gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an, torí ọlọ inú tiwọn sábà máa ń wà títí dàgbà, nígbà tó jẹ́ pé ti SS sábà máa ń ti gbẹ láti kékeré. Ẹni tó bá ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, yálà SS tàbí SC, kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kó tó rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdáhùn dókítà lè jẹ́ pé kó má lọ. Gbogbo ẹni tó bá sì ń lọ, kó kọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ lédè Spain sínú páálí kékeré nínú ìwé ìrìnnà: "rasgo falciforme" fún AS, "anemia falciforme" fún SS. Dókítà tó wà lórí òkè Andes kì í sábà rí irú ẹ̀jẹ̀ wa, kò sì ní ronú kàn án àfi tí ẹ bá sọ fún un.

Oògùn kan wà, acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox. Ìwọ̀n tí dókítà sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà láti fi dènà àìsàn náà ni mílígíráàmù 125 láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè títí di ọjọ́ kejì téèyàn ti wà lókè. Á mú kéèyàn máa tọ̀ léraléra, ìka á máa ta ṣíṣá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á sì korò lẹ́nu. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí oògùn sulfa bá ń bá jà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló máa ń gbé tíì ewé coca fún àlejò, òfin Perú sì fàyè gbà á. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, ẹ̀yin tí ibi iṣẹ́ yín máa ń yẹ ìtọ̀ wò, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò. Ife kan ṣoṣo lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé ẹ fa kokéènì. Ẹ má sì kó ewé náà tàbí tíì rẹ̀ wọ bàálù bọ̀: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kò gbà á. Ẹ béèrè tíì muña dípò rẹ̀. Ewé olóòórùn dídùn ni, ó sì dára fún inú wíwú.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà nílò ìṣọ́ra. Ní Cusco, 85 sí 90 lè hàn lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí máa ń ka ju bó ṣe yẹ lọ lára aláwọ̀ dúdú. Bó bá ń sọ 88, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè kéré sí i. Bí ara ṣe ń ṣe yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ń mí gúlegúle níbi tó jókòó sí, tàbí tó ń wúkọ́ itọ́ oníhòó, tàbí tí kò lè fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí ìlà tààrà, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de àárọ̀.

Ìlú Cusco tó ohun téèyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí. Òun ni olú ìlú ìjọba Inca kí àwọn ará Spain tó wọ̀ ọ́ ní 1533. Ní 1535 ni wọ́n dá Lima sílẹ̀ nítòsí òkun, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa bá wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwé òfin Perú ti 1993 ṣì pe Cusco ní olú ìlú ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ẹ lọ wo Qorikancha, ilé ìsìn òòrùn, tí àwọn àlùfáà Santo Domingo kọ́ ilé tiwọn lé lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní 1950, ilé àwọn àlùfáà fọ́, ògiri Inca dúró. Òkúta lórí òkúta ni, kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn, ògiri náà sì rọra fì sínú díẹ̀. Nínú kàtídírà, ẹ wo Jésù dúdú tí wọ́n ń pè ní Señor de los Temblores, àti àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Marcos Zapata yà: cuy ló wà nínú àwo níwájú Olúwa, eku tí wọ́n ń sìn nílé níbẹ̀, tó jọ ẹmọ́ wa bíi pé wọ́n gé ìrù rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Boleto Turístico ń wọ ibi 16 láàárín ọjọ́ 10, títí kan Sacsayhuamán, Pisac, Ollantaytambo àti Chinchero. Kò wọ ilé ìsìn Qorikancha, kò wọ kàtídírà, kò wọ Machu Picchu. Ibi tí wọ́n ti máa ń bá àlejò jà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu ní wákàtí àti ojú ọ̀nà tirẹ̀, orúkọ orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu. Ẹ mú ojúlówó ìwé ìrìnnà dání. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni ojò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n òtútù òru oṣù kẹfà àti ìkeje lè mú omi dì. Ẹ mú òrí lọ, ètè á bẹ́.

Olóòtú, ohun kan péré la ń tọrọ lọ́wọ́ yín: nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ ìròyìn ìrìn-àjò irú ìlú báyìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gíga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń kọ iye owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá sì fẹ́ ti Cusco kọjá sí Puno létí adágún Titicaca, 3,827 mítà ni ìyẹn.

Àwa òǹkàwé yín,
Peckham, London