Ẹ̀yin onígbọ̀wọ́ ìdíje ọkọ̀ ní Èkó, ẹ gbé kámẹ́rà sójú omi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà. Ọdún 31 ni mo fi gbé kámẹ́rà léjìká fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò ronú pé mo tún máa jókòó kọ lẹ́tà nípa iṣẹ́ náà. Ohun tí mo rí lórí fóònù ọmọ-ọmọ mi ló fà á.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ tó kọjá ni. Ọmọ náà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú, ó ń wo nǹkan lórí fóònù, ló bá pè mí: "Bàbá, ẹ wá wo àwọn ará Makoko." Mo na ọrùn wò ó. Ọkọ̀ onígbòkun ni mo rí, wọ́n pọ̀ lórí omi tó dúdú bí aró, ìgbòkun wọn fẹ̀, ó ní igun mẹ́rin, bíi ti àwọn apẹja Ègùn tí à ń rí láti orí afárá Third Mainland láàárọ̀. Kì í ṣe Makoko. Martinique ni, erékùṣù kan ní òkun Karibéánì tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé, tó sì jẹ́ pé àrọ́mọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. A wò ó fún wákàtí méjì. Dátà tó lọ sí i kò kéré, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Yole ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀, nítorí ó wọ̀ mí lára. Àjẹ̀ gbọọrọ kan ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kò sì sí irin tàbí pákó lábẹ́ rẹ̀ tó máa mú un dúró. Èèyàn ni wọ́n fi ń mú un dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dà á nù, àwọn géńdé á gun orí àwọn ọ̀pá tí wọ́n nà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn lé afẹ́fẹ́, ìgbì á máa gbá wọn nídìí. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á dojú dé. Ọ̀kan dojú dé lójú wa, ọmọ-ọmọ mi sì pariwo bíi pé ó mọ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ apẹja ni yole tẹ́lẹ̀. Àwọn apẹja ló máa ń fi sáré, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé ẹja gúnlẹ̀. Láti 1985 ni wọ́n ti ń fi í yí erékùṣù náà po lọ́dọọdún, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, láti ìlú etí òkun kan sí òmíràn. Ní 2020, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi bí wọ́n ṣe ń kan yole àti bí wọ́n ṣe ń tù ú sínú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀nà dáadáa tí a fi ń dáàbò bo àṣà.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Orúkọ onígbọ̀wọ́ ni orúkọ ọkọ̀. UFR-Chanflor wà níbẹ̀. Chanflor jẹ́ omi inú ìgò tí wọ́n ń tà ní Martinique. Rosette-Orange náà wà níbẹ̀. Orange jẹ́ iléeṣẹ́ fóònù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sára ìgbòkun. Tẹlifíṣọ̀n wọn, Martinique la 1ère, ń gbé ìdíje náà jáde tààràtà, bó ṣe ń lọ lórí omi gan-an. Onígbọ̀wọ́ tó bá san owó ìgbòkun, kámẹ́rà ló ń gbé orúkọ rẹ̀ wọ yàrá àwọn èèyàn. Bí kò bá sí kámẹ́rà, ẹyẹ òkun nìkan ni ì bá máa kà á.

Ẹni tó bá ti wo ìdíje ọkọ̀ láti etí omi rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú, ní 1977, tí wọ́n ṣe ìdíje ọkọ̀ létí ọ̀sà ní Queen's Drive, Ìkòyí. Ẹsẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi rìn débẹ̀ láti Ìta-Fájì. Ìlù ń dún, aṣọ àwọn atukọ̀ ń tàn, a rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú wa, mo sì lè bá yín yà á lónìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọjá báyìí, orí àwọn tó wà níwájú la tún ń wò. A gbọ́ tí wọ́n hó yèè, a ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a délé, bàbá wa bi wá pé ta ló borí. Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ kan, èmi dárúkọ mìíràn.

Ti ọkọ̀ onígbòkun tún le ju ti alájẹ̀ lọ. Alájẹ̀ lè lọ tààrà. Onígbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ kó máa lọ. Á yà sọ́tùn-ún, á tún yà sósì, èyí tó dà bíi pé ó ti kẹ́yìn sì lè jẹ́ òun gan-an ló wà níwájú, torí pé ó ti bá afẹ́fẹ́ tó dáa pàdé ní apá ibòmíràn. Ẹni tó dúró sétí omi kò lè rí èyí. Bọ́ọ̀lù ní pápá, ó ní àga yí ká. Omi kò ní. Àwòrán tààràtà ni pápá ìdíje ọkọ̀.

Àwọn tó ń ṣe America's Cup, ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tó lókìkí káàkiri ayé, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní San Francisco ní 2013, hẹlikọ́pítà gbé kámẹ́rà sókè, ẹ̀rọ wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tó wà, kọ̀ǹpútà sì ń fa ìlà sójú omi nínú àwòrán, kí òǹwòran lè mọ ibi ìgbéra àti iye mítà tí ọkọ̀ kan fi ṣíwájú èkejì. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí mọ ohun tó ń lọ. Ọdún yẹn ni New Zealand ti na Amẹ́ríkà ní 8 sí 1, tó ku ẹyọ kan péré kí wọ́n gba ife, tí Amẹ́ríkà wá gbẹ̀yìn gbà á ní 9 sí 8. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọkàn àwọn èèyàn fi wà lókè yẹn, Emirates, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, wà lórí ìgbòkun kan, Oracle, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wà lórí èkejì.

Èmi náà ti ya ìdíje ọkọ̀ ní Èkó. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ ná owó tó gọbọi: kánópì funfun, àga onítìmùtìmù, fìlà, tíṣẹ́ẹ̀tì, bánà láti ojú títì dé èbúté. Wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ eléńjìnnì kan fún àwa oníkámẹ́rà. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, àwọn àlejò pàtàkì ti wọ̀ ọ́ lọ. Apẹja kan ló ṣàánú wa, ó gbé mi sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo fi àyà ti igi tó dábùú ọkọ̀, mo gbé kámẹ́rà léjìká. Ọmọ apẹja náà, tí kò lè ju ọdún 10 lọ, ń fi igbá gbọ́n omi lẹ́yìn mi láìdúró. Nínú awò kámẹ́rà, ọ̀run ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, mo rí ohun tí ẹni kankan kò rí lábẹ́ kánópì. Mo rí ojú atukọ̀ tó wà níwájú, bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe yọ, bó ṣe ń ké sí àwọn èèyàn rẹ̀ tí gbogbo àjẹ̀ sì ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì méjì ni mo mú dání. Wọ́n tán kí ìdíje tó parí.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni. Ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó jókòó, tí wọ́n ń bọra wọn lọ́wọ́. Ojú atukọ̀ yẹn kò jáde. Owó fìlà nìkan ì bá ti gba ọkọ̀ eléńjìnnì méjì fún wa, pẹ̀lú bátìrì tó máa lo odindi ọjọ́, mo sì mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe lórí ọ̀sà tiwa. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìdíje E1, ti àwọn ọkọ̀ eré tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, wá sí Èkó. Kámẹ́rà wọn bá wọn wá, àwọn onígbọ̀wọ́ wọn bá wọn wá, ayé sì rí ọ̀sà wa bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Omi yìí kan náà ni. Lóde òní, dírónù kan, ọkọ̀ eléńjìnnì méjì tí ayàwòrán wà nínú rẹ̀, fóònù tí a so mọ́ òpó ìgbòkun, àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tiwa, ọkọ̀ ilẹ̀ ńlá tí wọ́n to ẹ̀rọ sí ló ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni ìgbòkun. Kí wọ́n lọ dúró sí Makoko tàbí Bàríga ní ìdájí. Àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun ni àwọn apẹja ń rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Orúkọ iléeṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ náà kò san kọ́bọ̀. Ohun tó dùn mí jù lọ nìyí: nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wó ilé ni wọ́n máa ń yára rán kámẹ́rà lọ sí Makoko. Ní 2012, tí wọ́n wó àwọn ilé orí omi wọ̀nyẹn, a ò ṣe aláìní ọkọ̀ tó máa gbé ayàwòrán. Àwọn èèyàn tó mọ afẹ́fẹ́ jù ní gbogbo Èkó, ẹkún wọn la ti yà, a kò tíì ya ọgbọ́n wọn.

Mo mọ̀ pé onígbọ̀wọ́ lè já èèyàn sílẹ̀. Cowes Week, ìdíje ọkọ̀ onígbòkun ní England tó ti wà láti 1826, iléeṣẹ́ ayánilówó kan tó ń jẹ́ Lendy ló gbé e ní 2017 àti 2018. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2019, Lendy ti kógbá sílé. Ìdíje náà ṣì wáyé lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù irú èyí ló jẹ́ kí ọ̀nà Martinique wù mí: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá onígbọ̀wọ́ tirẹ̀, ọ̀kan kò lè ṣubú kó wó gbogbo ilé. Ìjọba náà sì lè dúró tì í. Ní Faransé, ìjọba àdúgbò Vendée ló ni Vendée Globe, ìdíje tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń tu ọkọ̀ yí ayé ká láìdúró. Èèyàn 40 ló gbéra ní oṣù kọkànlá 2024. Kò sí ayàwòrán nínú ọkọ̀ wọn. Atukọ̀ ló ń ya ara rẹ̀ láàárín ìgbì tó ga bí ilé, tó ń fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Charlie Dalin tó borí lo ọjọ́ 64. Macif, iléeṣẹ́ adójútòfò, ló ni orúkọ tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹ̀yin iléeṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìdíje ọkọ̀ ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Badagry. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè iye tó máa lọ sórí àwòrán tààràtà. Tí kò bá sí, ẹ má buwọ́ lù ú. Ẹ ya owó ọkọ̀ oníkámẹ́rà sọ́tọ̀, kí àlejò kankan má lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣàlàyé ìdíje náà sọ Yorùbá àti Ègùn, kó jẹ́ ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín àjẹ̀ àti òpó. Ẹ̀yin tí okòwò yín kò tó ti báńkì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe omi inú ọ̀rá, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja tútù, ẹ lè gbé ọkọ̀ kan péré, kí ẹ kọ orúkọ yín sára ìgbòkun rẹ̀. Ní tèmi, bí ẹ bá rí ọkọ̀ oníkámẹ́rà náà, mo ṣetán láti wọ̀ ọ́ láìgba owó, kí n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí èèyàn ṣe ń fi orúnkún gba ìgbì kí àwòrán má bàa gbọ̀n.

Ọmọ tó ń gbọ́n omi lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn ti di ọ̀gá apẹja báyìí, ní Bàyẹ̀kú. A ṣì máa ń kíra. Lẹ́yìn tí mo wo ìdíje Martinique tán, mo lọ bá a, mo fi han òun náà, mo sì bi í bóyá ó máa díje tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ níbí. Ó wò ó pẹ́. Ó ní òun lè tu ọkọ̀ ju ti àwọn wọ̀nyẹn lọ. Ó wá bi mí nípa màmá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ wá sétí omi mọ́: "Bàbá Ìbejì, ṣé màmá mi máa rí mi láti inú ilé?"

N kò tíì rí èsì fún un.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.