Lẹ́tà sí Àkànní lórí ìbọn tí ó fẹ́ fi ṣọ́ ilé rẹ̀

Houston, Texas
Ọjọ́ 14, Oṣù Kejì

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó láti dá ọ lóhùn. Ó dùn mí pé àwọn olè já ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò rẹ, mo sì dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fara pa. Mo mọ bí ọkàn baálé ilé ṣe máa ń rí nígbà tí ìyàwó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí òun nìkan sì wà nílé pẹ̀lú ọmọ méjì tó ń sùn. Nítorí náà, n kò ní bá ọ jiyàn lórí bóyá kí o ra ìbọn tàbí kí o má rà á. Bí o ṣe fẹ́ tò ó ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àwọn nǹkan tí o kọ ránṣẹ́ pé o fẹ́ so mọ́ ọn bà mí lẹ́rù.

Ráìfù AR-15 tí o yàn dára. Orúkọ ilé iṣẹ́ ArmaLite ni AR yẹn dúró fún. Ibẹ̀ ni Eugene Stoner ti ṣe é ní ìparí àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Colt ní ọdún 1959. Èyí tí aráàlú ń rà, ọta kan ṣoṣo ló ń jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fa trígà. Ó fúyẹ́, kì í ta ni léjìká púpọ̀, kò sì ṣòro láti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Àmọ́ ọ̀pá ìbọn ínṣì 10.5 tí o kọ sílẹ̀, jọ̀wọ́, pa á rẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1934, tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́yìn náà, sọ pé ráìfù tí ọ̀pá rẹ̀ bá kéré sí ínṣì 16 gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ àti àṣẹ ọ̀tọ̀, ẹ̀wọ̀n sì ń bẹ fún ẹni tó bá tò ó láìgba àṣẹ. Yàtọ̀ sí ti òfin, ariwo àti iná tó ń jáde lẹ́nu ìbọn kúkúrú pọ̀ ju ti gígùn lọ, inú yàrá sì ni ìwọ yóò wà. Ínṣì 16 ni kí o rà, kí o sì béèrè fún èyí tí ọ̀nà gáàsì rẹ̀ jẹ́ mid-length, ìyẹn ni èyí tó gùn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí pé ó máa ń rọ ni léjìká.

Yẹ ara ọ̀pá náà wò kí o rí i pé 5.56, tí í ṣe irú ọta tí ó ń lò, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Irú èyí lè yin ọta 5.56 àti ọta .223, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ .223 sí kò yẹ kó yin 5.56. O bi mí bóyá kí o ra ọ̀pá kejì tí ó jẹ́ ti irú ọta mìíràn tí wọ́n ń pè ní .300 Blackout, kí o máa pààrọ̀ wọn. N kò fọwọ́ sí i. Mágasíìnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ọta .300 lè wọ inú ọ̀pá 5.56, bí ènìyàn bá sì fa trígà, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Ẹni tó bá ta jí ní aago mẹ́ta òru kò gbọ́dọ̀ ní irú ọta méjì tí ó lè ṣì mú.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, Àkànní. Ògiri ilé wa níhìn-ín kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù tí a bí wa sí ní Ogbómọ̀ṣọ́. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí àlàfo wà láàárín wọn, kò sì sí ọta tó lágbára láti dá olè dúró tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè gbà dúró. Òótọ́ ni pé ọta 5.56 tó fúyẹ́ máa ń yí, a sì máa fọ́ bó ṣe ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n ó ṣì lè pa ọmọ tó sùn sí yàrá kejì. Nítorí náà, ní alẹ́ òní, lọ dúró lẹ́yìn ibùsùn rẹ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, na ìka sí ẹnu ọ̀nà, kí o sì bi ara rẹ léèrè ta ló ń sùn sí ẹ̀yìn ibi tí ìka náà kọjú sí. Bí mo bá rántí àwòrán ilé yẹn dáadáa, yàrá àwọn ọmọ ni. A jẹ́ pé kíkó wọn wá sí yàrá rẹ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí o tó tilẹ̀kùn, kí o pe ọlọ́pàá ní 911, kí o sì dúró ti ẹnu ọ̀nà yẹn. Má ṣe máa wá olè kiri láti yàrá dé yàrá.

Awò ńlá tí ń fa ohun jíjìn mọ́ni kò wúlò fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò gùn tó mítà 10. Awò kékeré tí ń fi àmì pupa kan hàn ti tó. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ. Ìbọn mi àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo rí ni mo gbé kọ́ ọn, títí tó fi wúwo ju kílò 5 lọ, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn, apá òsì mi ti ń gbọ̀n. Olùkọ́ wa wá gbé pátákó kan sílẹ̀ pé kí á kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mo wo inú awò, mo rí àmì pupa náà ketekete lórí àyà àwòrán ènìyàn tí à ń yìnbọn sí, mo fa trígà, ẹ̀ẹ́rún igi sì fọ́n sí mi lójú. Awò náà fi bíi ínṣì 2.5 ga ju ọ̀pá lọ: ojú mi ti kọjá orí pátákó, ẹnu ìbọn kò tíì kọjá. Mo ṣì ní ẹ̀ẹ́rún kan lára rẹ̀ nínú àpótí ìbọn mi. Bákan náà, bí o bá tò ó pé kí ọta àti àmì pàdé ní yáàdì 50, nígbà tí nǹkan bá wà ní yáàdì 5 péré, ọta yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ àmì ní ìwọ̀n ínṣì méjì lé díẹ̀. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ èyí, kì í ṣe orí nìkan.

Yàtọ̀ sí awò yẹn, tọ́ọ̀ṣì àti okùn ìfikọ́rùn nìkan ni kí o fi kún un. Tọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn lè jẹ́ ìyàwó rẹ tó tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ibi tí tọ́ọ̀ṣì ara ìbọn bá tàn sí, ẹnu ìbọn ń wò ó. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni kí o máa fi wá nǹkan. O rántí ṣakabùlà bàbá mi tó máa ń wà lórí àjà, àti bí wọ́n ṣe lé wa jáde nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọjú ẹnu rẹ̀ sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ bàbá mi yẹn wà nínú òfin mẹ́rin tí Jeff Cooper, olùkọ́ ìbọn yíyìn, fi kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà: má ṣe kọjú ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́.

Owó tí o bá ṣẹ́kù, ẹ̀kọ́ àti ọta ni kí o fi rà. Ráìfù kékeré .22, bíi Ruger 10/22 tó ti wà láti ọdún 1964, yóò jẹ́ kí o yìn púpọ̀ láìná owó púpọ̀. Nílé, kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn, fi ojú àti ìka yẹ inú ìbọn wò pé ó ṣófo, kí o sì máa fa trígà ní pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́. Ra ohun ìbotí oníbátìrì kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, nítorí pé ariwo ráìfù ju 150 decibel lọ, ohun ìbotí náà kò sì ní dí ọ lọ́wọ́ láti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ.

Àpótí irin onínọ́ńbà ni kí ìbọn náà máa gbé, kì í ṣe abẹ́ ibùsùn. Lọ́dọ̀ wa ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ọwọ́ tó ìbọn tó ní ọta nínú nítorí àìbìkítà onílé; lọ béèrè ohun tí òfin Georgia, níbi tí o ń gbé, sọ. Ìwọ ní káàdì ìgbélùú, o lè ra ìbọn, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ tó wà pẹ̀lú físà ọmọ ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi ìwọ̀nba àyè díẹ̀ bíi ti ẹni tó gba ìwé-àṣẹ ọdẹ. Má ṣe fún un ní nọ́ńbà àpótí náà, má sì ra ohunkóhun lórúkọ rẹ̀.

Má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá ti wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, láti ẹ̀yìn ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ, kọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní